Àtàǹpàkò Bàbá Dúró

Kò sí ẹni tó jókòó ti Dúró Kékeré kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ojú ló fi kọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọdún méje ló ti máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí yóò dúró lẹ́yìn ọgbà wáyà, tí yóò sì máa wo bí bàbá náà ṣe ń fi ọwọ́ bá kiréènì, ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé ẹrù lọ sókè ilé, sọ̀rọ̀. Kiréènì kò kúkú létí. Inú yàrá kékeré kan lókè fíofío ni awakọ̀ rẹ̀ máa ń jókòó sí, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kò ti ní jẹ́ kó gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni, ojú nìkan ló sì fi ń gbọ́ràn. Ẹni tó bá dúró nílẹ̀ tó ń júwe fún un ni ọ̀gá rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ní kó gbé ẹrù sókè, á gbé e. Bó bá ní kó dúró, á dúró. Bí onítọ̀hún bá wá ṣì í júwe ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Bàbá Dúró ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe bàbá náà, nítorí bó ṣe máa ń dá kiréènì dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ mìíràn, bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹrù dúró lójú kan, wọ́n á na apá, wọ́n á di ẹ̀ṣẹ́, ó parí. Ti Bàbá Dúró yàtọ̀. Á na apá, á di ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ á yọ jáde lábẹ́ ẹ̀ṣẹ́ náà, á dojú kọ ilẹ̀ gbọnrangandan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Bí èmi ṣe ń dúró nìyẹn. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ bá ẹni tó ń dúró jù mí lọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ọkùnrin tó ń wa kiréènì nígbà náà, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Òkè, bá a ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ó lé. Ó mọ ọwọ́ náà bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ tòun ti àtàǹpàkò, dúró ni. Bí Bàbá Dúró bá fẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló máa ń nà sí ilẹ̀, á sì máa fi yí afẹ́fẹ́ po. Wọn kò ṣì ara wọn gbọ́ rí.

Kò sì pẹ́ tí àtàǹpàkò náà fi ran gbogbo ibi iṣẹ́. Àwọn tó ń di irin, àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì, títí kan ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnìkan dúró dè wọ́n, ẹ̀ṣẹ́ tòun ti àtàǹpàkò ni wọ́n ń nà sí i. Ẹni tó bá di ẹ̀ṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ dáadáa, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni. Ọmọ aráyé kúkú rí bẹ́ẹ̀: ohun tí wọ́n bá bá lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, wọn kì í bèèrè ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ̀.

Ọmọ méjì ni Bàbá Dúró bí. Àbúrò, tó jẹ́ ọkùnrin, wà lára àwọn tó ń di irin. Ológbò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ibi tí kò lè gùn. Ìyá wọn kú nígbà tí Ológbò wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì tọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé lòun náà. Títì ni ilé wọn kọjú sí nígbà náà. Lójoojúmọ́ ni ọmọ náà máa ń sáré lọ sí títì, lójoojúmọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sáré lọ síwájú rẹ̀, tí yóò ya apá méjèèjì gbàgà bí ẹni fẹ́ gbá ògiri mọ́ra, títí ọmọ náà á fi kọlù ú láyà. Ìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹ̀rù ló kọ́ ọ.

Nígbà tí orúnkún Bàbá Dúró kò gba ìdúró mọ́, ọmọbìnrin náà ló gba ipò rẹ̀, òun ni wọ́n sì sọ ní Dúró Kékeré. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ júwe fún Ọ̀gá Òkè, bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá géètì, ó ń wò ó. Bó ṣe na apá tó di ẹ̀ṣẹ́, tí àtàǹpàkò sì yọ sílẹ̀, bàbá náà ní, "Ọwọ́ mi gan-an nìyẹn." Ìyìn kì í tètè jáde lẹ́nu bàbá yẹn. Ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, ó gbé e sùn, ó sì gbé e jí. Ẹni bíni làá jọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé iwájú dígí lòun ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ yẹn dánra wò láti ìgbà tóun ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ọdún mẹ́fà kọjá báyìí, kò sí wàhálà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ojú Ọ̀gá Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀ tuntun dé láti ibòmíràn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wá kí Dúró Kékeré kó tó gun òkè lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó ní. "Ẹ má fòyà o. Gbogbo àmì ni mo mọ̀. Inú ìwé ni wọ́n ti fi kọ́ wa, wọ́n sì dán wa wò nígbà méjì."

"Èmi ò rí ìwé kankan," Dúró Kékeré dáhùn. "Ojú ni mo fi kọ́ tèmi."

"Ojú náà dára. Ìwé kì í ta èèyàn lólobó bí òjò bá ń bọ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì gun àkàsọ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn ló jókòó sórí àga tó yẹ kí ìbéèrè jókòó sí. Ká ní ẹnìkan nínú wọn sọ pé "Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín ná" ni, ìtàn mi ì bá ti parí síbí.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ méjì ni ilé iṣẹ́ rà fún wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan já bọ́ láti àjà kẹfà, ó sì fọ́ yángá. Èkejì ń bẹ lọ́fíìsì, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹrù mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Kò sí afẹ́fẹ́, awakọ̀ náà sì mọṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ṣẹlẹ̀ tí Dúró Kékeré kò kà sí. Bí ẹrù bá ti fara kan àjà, tó bá sì na ẹ̀ṣẹ́ pé kó dúró, okùn kiréènì á tún tú díẹ̀ sí i, á rọ̀ jọ̀ọ̀rọ̀ sórí ẹrù náà. Ó rò ó lọ́kàn pé awakọ̀ yìí mà láàánú o, ó ń tú okùn sílẹ̀ kó má bàa nira fún àwọn tó fẹ́ já a. Ó tiẹ̀ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá di ọ̀sán.

Ẹrù kẹrin ni ìdì irin gígùn, ìwọ̀n èèyàn mẹ́ta lórí ara wọn. Ọ̀nà àjà keje ni ó ń lọ. Ológbò wà níbẹ̀, ní igun ilé, ní ibi tóóró kan tó wà láàárín ògiri tuntun àti etí àjà. Ó ti fi okùn bẹ́líìtì ààbò rẹ̀ kọ́ irin kan lára ògiri, ó sì so ó ní kúkúrú, bí òfin ṣe wí. Okùn náà kò ní jẹ́ kó ṣubú. Kò sì ní jẹ́ kó sá.

Ìdì irin náà dé òkè orí Ológbò, afẹ́fẹ́ sì dé bá a níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀. Ohun tó yẹ kò le: kí ẹrù dúró lókè níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ rọ̀, kí àwọn onírin fi okùn fà á kúrò lórí Ológbò, kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Dúró Kékeré ti ṣe irú rẹ̀ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Ó na apá, ó di ẹ̀ṣẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sì yọ sílẹ̀.

Irin náà ń bọ̀ wálẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń tan òun jẹ. Ó tún apá nà, ó nà án le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó di ẹ̀ṣẹ́ náà títí èékánná fi ń gún un nínú ìbọ̀wọ́. Irin náà kò dúró. Ó tún yára sí i. Lókè lọ́hùn-ún, Ológbò gbójú sókè. Ó sún sápá òsì, okùn mú un. Ó sún sápá ọ̀tún, etí àjà ló kàn, òfìfo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ọwọ́ sí ibi tí okùn ti kọ́, ìka rẹ̀ kò bá a.

Dúró Kékeré gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó pariwo, "Dúró! Mo ní kó o dúró!" Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ọ? Ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ǹtì ń ké, kiréènì fúnra rẹ̀ ń ké. Ó rò pé orí ọkùnrin náà ti dàrú. Ó rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó ro gbogbo ohun tó ṣeé rò, àfi ọwọ́ ara rẹ̀. Ológbò náà ní ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì nílé, ojú ọmọ náà ló ń wá sí i lọ́kàn ṣáá, kò sì wúlò fún un rárá lákòókò yẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti rí i. Gbogbo wọn ju iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì, àwọn káfíńtà, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, gbogbo wọn kọjú sí kiréènì, wọ́n na apá, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́. Bàbá Dúró pàápàá, tó ṣì máa ń wá jókòó lẹ́bàá géètì lójoojúmọ́, dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó na tirẹ̀. Nǹkan bí ogún ẹ̀ṣẹ́ ló wà lókè, ogún àtàǹpàkò sì dojú kọ ilẹ̀. Irin náà ń sáré bọ̀ báyìí. Ó ku nǹkan bí gíga èèyàn kan kó dé akoto Ológbò.

Ológbò náà na ọwọ́. Ó yí ojú sí yàrá awakọ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó funfun lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì rí ẹ̀ṣẹ́ náà kedere láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Àtàǹpàkò ló rí. Ó rí i pé ó kọjú sí ilẹ̀. Ó rí àbúrò òun tó dúró sábẹ́ irin, tó ń fi àtàǹpàkò sọ fún ẹni tó wà lókè pé kó máa sọ ọ́ kalẹ̀, kó sọ ọ́ kalẹ̀, lórí òun níbí.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun náà ń sọ ohun kan náà.

Ó gbìyànjú láti pa àtàǹpàkò náà dé. Ẹ gbà mí gbọ́, kò pa dé. Ọwọ́ tó ti mọ nǹkan kan fún ogún ọdún ó lé kì í gba ìmọ̀ràn lójú ẹsẹ̀. Ó tú ẹ̀ṣẹ́ náà ká. Ó sáré sí àárín gbangba, síbi tí awakọ̀ ti lè rí gbogbo ara rẹ̀, ó sì ya apá méjèèjì gbàgà, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló là, àyà rẹ̀ sì kọjú sókè. Kì í ṣe àmì tí bàbá rẹ̀ ń lò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dúró níwájú títì.

Kiréènì dákẹ́.

Irin náà dúró, ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Àlàfo tó kù láàárín rẹ̀ àti akoto Ológbò kò ju apá kan lọ. Ológbò ti káwọ́ lérí, ó ti ká ara rẹ̀ jọ sí ẹsẹ̀ ògiri. Dúró Kékeré kò jẹ́ kí apá rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi dá a lójú pé ẹ̀rọ náà ti dúró lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka kan tọ́ka sókè, ó yí i po jẹ́jẹ́, irin náà sì gòkè. Ó júwe rẹ̀ kúrò lórí ilé, ó sì fi ìka júwe rẹ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Ìgbà tó fara kan ilẹ̀, ó tún ya apá méjèèjì. Kò di ẹ̀ṣẹ́ mọ́. Ìgbà yẹn ló tó jókòó sínú iyanrìn.

Awakọ̀ náà sọ̀kalẹ̀. Ológbò náà ti sọ̀kalẹ̀, àwọn onírin méjì dì í mú lápá.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, mà," awakọ̀ náà ní. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó yọ àtàǹpàkò rẹ̀ sílẹ̀, ó fi hàn wọ́n. "Ohun tí èyí jẹ́ nìyẹn níbi gbogbo tí mo ti ṣiṣẹ́. Mo rí i pé ẹnìkan wà lábẹ́ rẹ̀, ọkàn mi kò gbà, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ ń sọ ọ́. Mo wo ìsàlẹ̀, gbogbo yín. Mo rò pé ẹ rí ohun tí èmi kò rí." Ó wo gbogbo wọn lójú. "Ta ló kọ́ yín?"

Ojú gbogbo wọn yí sí ọ̀nà géètì. Bàbá Dúró ń bọ̀. Ó ń fi orúnkún tó ń dùn ún wọ́ ara rẹ̀ bọ̀ láàárín irin àti pákó, ó sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Dúró Kékeré dìde. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí.

"Bàámi, kí ló dé tí àtàǹpàkò yín fi máa ń yọ?"

Ẹ̀rín músẹ́ àtijọ́ yẹn ti fẹ́ dé ẹnu bàbá náà. "Bí èmi ṣe..." Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì rí Ológbò. Ó rí bí ọmọ náà ṣe ń gbọ̀n lápá àwọn tó dì í mú. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀, kò sì rí nǹkan mìíràn fi síbẹ̀.

"Kò lè tẹ̀ ni," ó ní.

Wọn kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ.

"Kò lè tẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gba iṣẹ́ yìí ni ṣéènì ká a mọ́, eegun rẹ̀ kán. Bí mo bá sọ, wọn ò ní jẹ́ kí n júwe mọ́, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe. Oyún rẹ sì wà nínú ìyá rẹ." Ojú ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń wò. "Mo fi aṣọ dì í, mo gbé e pa mọ́ sínú ìbọ̀wọ́ títí ó fi jinná, wíwọ́ ló sì jinná. Ọ̀gá Òkè nìkan ni mo sọ fún. Àwọn yòókù ń bèèrè, mo bá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe é. Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ mi náà ń ṣe é, inú mi dùn. Inú mi dùn o. Ó dà bíi pé àbùkù mi ti kúrò lára mi."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, tó ṣì ń wọ̀ títí di òní. Ó fi ọwọ́ òsì mú àtàǹpàkò ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú àtẹ́lẹwọ́ níwájú gbogbo wọn, títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Kò tẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Kì í ṣe àṣà. Eegun tó kán ni."

Wọ́n wò ó. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì di ẹ̀ṣẹ́, ó tú u, ó tún un dì. Káfíńtà kan ti fi ọwọ́ tirẹ̀ sápò, bẹ́ẹ̀ èèyàn rí i pé ó ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ológbò na ọwọ́ síwájú ara rẹ̀, ó rọra fi ìka mẹ́rin bo àtàǹpàkò mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa iná àbẹ́là, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀.

Dúró Kékeré náà di ẹ̀ṣẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ jáde. Ó tún un dì, ó tún yọ. Inú bí i sí i. Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ ọmọ náà lé ọwọ́ ara rẹ̀ tó wọ́, ó mú àtàǹpàkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó fi lélẹ̀ lórí àwọn ìka yòókù, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

"Báyìí," ó ní. "Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Awakọ̀ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wo ẹ̀ṣẹ́ náà, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà kò jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.